Onírungbọ̀n-Ewé àti Omi Ògì Tí À Ń Dà Nù

Ẹ̀yin ará Ìdí-Ayin, ẹ jókòó. Ẹni tó bá mú kùmọ̀ wá, kó fi kùmọ̀ rẹ̀ ṣe ìjókòó, nítorí kò ní rí nǹkan mìíràn fi í ṣe títí tí èmi Ọdẹ́sanmí yóò fi sọ̀rọ̀ mi tán. Oòrùn ṣì wà lókè, ẹ ti ti oko dé, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé òun fẹ́ lọ kó adìẹ wọlé. Bí ẹ bá gbọ́ irọ́ nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ bù ú kúrò, kí ẹ jẹ òtítọ́ tó bá kù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ òtítọ́, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Mo mọ ohun tó kó yín jọ. Láàárọ̀ yìí ni Ọ̀tún Adéríbigbé rán géńdé mẹ́fà sí ẹ̀yìnkùlé mi pé kí wọ́n fọ́ ìkòkò mọ́kànlá tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ìkòkò náà ń rùn. Wọ́n ní ohun tó ti bu ló kún inú wọn, ohun tó hu irun bí ihò imú arúgbó. Wọ́n ní àlejò àwọn kò lè jẹun ní àlàáfíà lábẹ́ òrùlé páànù tuntun tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ọ̀tún, mo rí yín níbi tí ẹ jókòó sí, mo kí yín kú oríire ilé tuntun. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ti lè ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́, kò sì sí bí àwọn ìkòkò wọ̀nyẹn ṣe lè ṣiṣẹ́ wọn kí wọ́n má rùn. Ẹ fún mi láyè títí òjìji igi ayin yìí yóò fi kan ẹsẹ̀ yín. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó bá láyà lọ fọ́ wọn.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ kò mọ̀ mí nígbà tí eyín mi pé. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n méjì ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tí mo fi ìwo ọ̀kan mu ẹmu, tí mo fi èkejì fọn ún pé mo ti mu ún tán. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, bàbá rẹ wà lára àwọn tó bá mi ru ẹran náà wálé, lọ bi í léèrè. Ṣùgbọ́n ẹran tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, n kò fi ìbọn pa á. Tàkúté ni mo fi mú un, ọmọ mi sì ni.

Ọdún kẹsàn-án rèé. Gbogbo yín ni ẹ mọ òfin tàkúté. Ọdẹ tó bá dẹ tàkúté sí ojú ọ̀nà gbọ́dọ̀ so màrìwò mọ́ igi níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí i kó yà. Màrìwò ni ẹnu ọdẹ nígbà tí ọdẹ fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo dẹ tàkúté onírin eléyín méjìlá sí ọ̀nà tó lọ sí ìdí igi apá. Ọ̀pẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, màrìwò rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ tó ọwọ́ mi. Mo wò ó. Mo ní, ta ni kò mọ̀ pé ọ̀nà Ọdẹ́sanmí nìyí? Ta ló tó bẹ́ẹ̀ tí yóò gba ibẹ̀? Mo sì kọjá lọ. Ìgbéraga ni, n kò ní purọ́ fún yín.

Ìbíyẹmí ló gba ibẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú, ọmọ tó ń ṣe ògì, tó ń kiri ẹ̀kọ yí ìlú yìí ká, tí kò sí ẹni tí kò jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ nínú yín. Ó gbé ẹ̀kọ mẹ́rin tẹ̀lé mi wá sínú igbó nítorí pé mo jáde láìjẹun. Mo gbọ́ igbe, mo rò pé túrùkú ni. Mo ń sáré lọ, mo sì ń yọ̀. Ẹ̀yin ará, mo ń yọ̀! Nígbà tí mo dé ibẹ̀, eyín tàkúté ti wọ ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ dé egungun, ẹ̀kọ mẹ́rin náà sì wà nílẹ̀ nínú ewé wọn, kò tilẹ̀ sí èyí tó já.

A tọ́jú rẹ̀. Ewé tí a mọ̀ la fi sí i, èyí tí a kò mọ̀ la bèèrè. Egbò náà kẹ̀, ó ń rùn, ó sì ń gun òkè lójoojúmọ́. Baba Ewégbèmí, oníṣègùn ìlú yìí nígbà náà, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, fi ìka wọn ibi tó dé, wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní: "Ọdẹ́sanmí, bí èyí bá kọjá orúnkún, ọmọ lọ nìyẹn. Bí mo ti wò ó, ó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Bó bá di ọjọ́ kẹtàdínlógún, màá gé ẹsẹ̀ yìí."

Ìbíyẹmí di aṣọ mi mú. Ó ní: "Bàbá mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e. Ẹsẹ̀ méjì ni mo fi ń kiri ẹ̀kọ. Bí wọ́n bá gé ọ̀kan, ta ni yóò máa gbé mi kiri?"

Ọ̀tún, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ ní ẹlẹ́sẹ̀ kan sàn ju òkú lọ. Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju ọta ìbọn lọ, nítorí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ dẹ tàkúté. Mo wólẹ̀ níwájú Baba Ewégbèmí, mo ní ṣé kò sí nǹkan mìíràn. Wọ́n ní: "Nǹkan kan ṣoṣo ló kù, n kò sì tíì rí ẹni tó lọ tó bọ̀. Ẹ̀dá kan wà nínú Igbó Bíbu, Onírungbọ̀n-Ewé ni wọ́n ń pè é. Oje kan ń kán láti ara irùngbọ̀n rẹ̀. Bí oje náà bá kan egbò, ohun tó ń jẹ egbò yóò kú."

Mo ní: "Baba, ẹ ti rí ẹni tó máa lọ tó sì máa bọ̀." Mo gbé ìbọn mi, mo gbé àpò ọdẹ mi, mo sì jáde.

N kò ní fi ìrìn ẹsẹ̀ dá yín lágara. Ẹnu Igbó Bíbu ni kí ẹ bá mi dé, níbi tí mo ti pàdé Imú-Kì-í-Sùn. Ẹ̀dá yìí kò ní ojú, kò ní etí. Imú ni láti orí dé àyà, imú náà sì gùn tó ọmọ odó. Ó nà án sí mi, ó gbóòórùn mi láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé fìlà, ó fà sẹ́yìn. Ó ní: "O ń rùn."

Mo ní: "Ọdẹ ni mí. Ọdẹ wo ni kì í rùn? Ẹ̀jẹ̀ ẹfọ̀n lo ń gbóòórùn yẹn, àti ètù ìbọn."

Ó ní: "Kì í ṣe ẹfọ̀n, kì í ṣe ètù. Òórùn màrìwò tí a kò já ni."

Inú bí mi. Mo gbé ìbọn, mo yìn ín sí i. Ẹ̀yin ará, ó fín ọta ìbọn náà símú bí ìgbà tí àgbà ń fín aáṣáà, ó sín, orí igi àràbà ni mo ti bá ara mi! Mo sọ̀ kalẹ̀, mo yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, ó sín lẹ́ẹ̀kejì, orí igi kan náà, ẹ̀ka tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó wá ní: "Ọdẹ, dá ọta rẹ sí. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá níbí, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi sọ ohun tó ń rùn lára rẹ̀, ní ohùn tí igi yóò gbọ́. Ìgbìyànjú mẹ́ta péré lo ní."

Mo ti bá ẹkùn jà, kò ṣòro tó yẹn. Ẹ̀ẹ̀kíní, ohùn mi kò jáde. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó jáde bíi ti aláìsàn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo la ẹnu mi, mo pariwo: "Èmi Ọdẹ́sanmí ni mo fi tàkúté mú ọmọ mi, nítorí pé mo rò pé mo ju màrìwò lọ!" Igi gbogbo gbọ́. Mo sunkún níbẹ̀, ojú kò sì tì mí láti sọ fún yín. Imú-Kì-í-Sùn tún gbóòórùn mi, ó yà kúrò lọ́nà. Ó ní: "Báyìí, o kò rùn ju àwọn ọdẹ yòókù lọ. Máa lọ."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àárín igbó náà ni Ìlú Ajẹdídùn wà. Oyin ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, oyin ni wọ́n ń jẹ lọ́sàn-án, ìrèké ni wọ́n fi ń pa ìpápánu. Wọ́n sanra débi pé ọmọ ni wọ́n ń rán pé kó bá àwọn wo ẹsẹ̀ àwọn bóyá ó ṣì wà nísàlẹ̀. Ní àgbàlá ọba wọn ni mo ti rí ẹni tí mo wá. Ojú Onírungbọ̀n-Ewé funfun bí òwú, irùngbọ̀n rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ó rí múlọ́múlọ́, ó sì kún àgbàlá méje. Ogún ènìyàn ń fi ìkòkò oyin bọ́ ọ láìsinmi. Irùngbọ̀n náà ń gùn lójú mi, ṣùgbọ́n oje kò kán.

Mo bèèrè pé ìgbà wo ló máa ń kán. Wọ́n ní ẹ̀kán kan ṣoṣo ni lọ́sẹ̀, ọba ló sì ni ín. Mo ní kí ni ọba ń fi í ṣe. Wọ́n ní ó ń fi í pa iròrẹ́ tó wà lójú rẹ̀! Ọmọ mi wà nílé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jẹrà, ẹnìkan wà níbí tó ń fi ìmúláradá pa iròrẹ́. Mo lọ bá ọba náà lórí ìtẹ́. Mo ní: "Kábíyèsí, ẹ̀kún akèrègbè kan ni mo wá bù."

Gbogbo ààfin rẹ́rìn-ín, ikùn wọn ń mì. Ọba ní: "Ẹ̀kún akèrègbè! Bí o bá lè mú un kán tó bẹ́ẹ̀, máa bù ú lọ. Bí o kò bá lè ṣe é, ìwọ ni yóò máa pọn oyin fún un títí ayé."

Mo ní mo gbà. Mo ro ti ara mi bí ọdẹ: ẹni tó bá fẹ́ rí nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹnìkan, kó ṣe é lálejò dáadáa. Mo pa ẹtu tó sanra. Mo gbẹ́ oyin inú ìrókò tó dùn ju tiwọn lọ. Mo dá ẹmu ọ̀gùrọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún Onírungbọ̀n-Ewé, mo tún na àyà sí àwọn ará ìlú náà pé kí wọ́n wá wo ọwọ́ ọkùnrin. Ó jẹ ẹ́. Irùngbọ̀n náà fò sókè, ó yí mi lẹ́sẹ̀, ó yí mi láyà, ó wọ inú ẹnu mi dé ọ̀fun. Mo fà á ya, ọ̀kan di méjì. Mo fi ọ̀bẹ gé e, méjì di mẹ́rin. Ojú mi ń ṣú lọ, bẹ́ẹ̀ ni oje kò kán rárá.

Nígbà náà ni ó sọ̀rọ̀ létí mi, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó ní: "Ọdẹ, ìwọ náà kò yàtọ̀ sí wọn. Ẹ ń bọ́ mi kí n lè sanra. Ta ló sọ fún yín pé ọ̀rá ni mo fi ń jà? Oje yìí ni idà mi, mo fi ń lé àwọn tó bá fẹ́ bá mi du oúnjẹ. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ dùn, tó tún ń yára wá, kí ni yóò fa idà yọ fún? Bọ́ mi ní oúnjẹ tó kan díẹ̀, tó sì ń pẹ́ lẹ́nu. Kò sí nínú ìṣúra ọba kankan. Ayé ń dà á nù, lọ bi ẹni tó ń ṣà á."

Ẹ wo bí mo ti gọ̀ tó! Ọdẹ wo ló ń bọ́ ajá rẹ̀ yó láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ wọ igbó? Ajá tó yó yóò lọ sùn sí ìdí ààrò. Ajá tí ebi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa kú, òun náà kò ní lè sáré. Oúnjẹ tó bá a mu ni à ń fún un, kì í ṣe èyí tó dùn jù. Láti ọmọdé ni mo ti mọ èyí, n kò mọ̀ pé ohun tó ń hu irun lára oúnjẹ bíbu náà gbọ́n tó ajá.

Irùngbọ̀n náà tú mi sílẹ̀, mo sì tọ ipa omi ìdọ̀tí títí mo fi dé Odò Ìdànù. Ibẹ̀ ni Ìyá Aṣàdànù ń gbé, arúgbó kan tó ń fi ajọ̀ kó gbogbo ohun tí ayé bá dà nù. Mo rí igbá fífọ́, mo rí bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan. Mo rí ìlérí tí mo ṣe fún ìyá Ìbíyẹmí tí n kò mú ṣẹ, ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò náà bí ẹja kékeré, ó sì mọ̀ mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tó gbé mi wá.

Ìyá Aṣàdànù gbé akèrègbè méjìlá kalẹ̀. Ó ní: "Ọmọ mi, ẹnu ni a fi ń mọ ohun tí a dà nù. Tọ́ wọn wò. Èyí tí o bá mọ̀ ni tìẹ."

Mo tọ́ èkíní wò, omi tí àgbẹ̀ fi fọ ẹsẹ̀ ni. Mo tọ́ èkejì wò, omi ọṣẹ ni, mo ń tu ìfófòó títí. Ẹ̀kẹta jẹ́ omi ẹ̀gẹ́ kíkorò tó fẹ́ ti ahọ́n mi bọ inú. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin kò lè tọ́ ìdajì rẹ̀ wò. Nígbà tí mo dé ìkeje, ó kan, ó tutù, ó sì rùn díẹ̀. Mo gbé e mì, mo tún gbóòórùn ẹnu akèrègbè náà. Òórùn ìró Ìbíyẹmí ni! Omi ògì ni, omi tí a bá ti rẹ àgbàdo sí fún ọjọ́ mẹ́ta, tí àgbàdo ti fi gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ọmọ mi ń dà á sí ẹ̀yìnkùlé, èmi ni mo sì máa ń jágbe mọ́ ọn pé kó lọ dà á nù jìnnà, nítorí pé òórùn rẹ̀ ń wọ aṣọ ọdẹ mi, ẹran sì ń gbóòórùn mi láti òkèèrè. Mo mọ òwe tó wà lẹ́nu yín báyìí, ẹ gbé e mì. Bí kò bá jẹ́ pé mo lọ jìnnà, n kò ní mọ ohun tó wà nílé.

Mo sọkún, mo sì ń tọ́ wọn wò lọ. Ìkọkànlá jẹ́ omi wàrà, èyí tí àwọn ìyá Fúlàní ń fún dànù bí wàrà bá ti dì. Ìkejìlá kò ní omi, ìyẹ̀fun funfun ló wà nínú rẹ̀, karawun ìgbín tí a lọ̀ ni. Ìyá Aṣàdànù ní: "O mọ̀ wọ́n. Omi ògì ni yóò gbé e ró. Omi wàrà ni yóò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá wá kan jù, kò ní lè mí, wọ́n karawun sí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Mo gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sí Ìlú Ajẹdídùn. Nígbà tí mo lé àwọn agboyin sẹ́yìn, tí mo da omi kíkan sí i, irùngbọ̀n náà rọ, ó tín-ín-rín, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti pa òrìṣà àwọn. Mo ní kí ẹlẹ́yà máa yọ̀, kó má lọ jìnnà. Ní ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ ìró kíkán rẹ̀: tó! Mo gbọ́ tó, tó. Oje pupa rúsúrúsú ń yọ lórí irùngbọ̀n náà bí ìrì lórí koríko, ó ń kán sínú akèrègbè mi, ó kún, ó ń ṣàn sílẹ̀!

Ṣé ẹ rò pé ọba náà yọ̀? Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní: "Bí ó bá pọ̀ báyìí, kí ni yóò mú mi yàtọ̀ sí aráàlú?" Ó ní kí wọ́n ti bodè, kí wọ́n gba akèrègbè lọ́wọ́ mi.

Mo ní: "Kábíyèsí, n kò tọrọ. A jọ ṣe àdéhùn ni. Èmi tí mo fi ẹnu ara mi dá ara mi lẹ́bi níwájú igi, ọba tó ń pa iròrẹ́ kò lè dẹ́rù bà mí." Mo sáré. Wọn kò lè lé mi, ṣùgbọ́n wọ́n da oyin sí gbogbo ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi lẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ṣubú, akèrègbè fọ́. Gbogbo rẹ̀ wọ ilẹ̀. Mo fi bàtà mi sílẹ̀ nínú oyin náà, mo sá jáde láìwọ bàtà, mo ń ṣépè fún ara mi. Nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ àpò láti mú aáṣáà, ọwọ́ mi kan ohun múlọ́múlọ́ kan. Ìdì irùngbọ̀n kékeré ni. Onírungbọ̀n-Ewé ti fi ara rẹ̀ sínú àpò mi nígbà tó yí mi ká.

Ọjọ́ kẹtàlá ni mo wọ Ìdí-Ayin. Egbò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Mo sáré láti ilé dé ilé pé kí wọ́n bù mí lómi ògì. Ilé Ìyá Àjọkẹ́, wọ́n ti dà á nù. Ilé àwọn ẹlẹ́kọ ìsàlẹ̀, wọ́n ti dà á nù láàárọ̀ yẹn. Mo padà wọlé, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìbíyẹmí la ojú, ó ní kí ni mò ń wá. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí mo rí kẹ́yìn kí tàkúté tó mú un. Ó ní: "Bàbá mi, mo rẹ àgbàdo sínú ìkòkò ẹ̀yìn ààrò láàárọ̀ ọjọ́ tí mo gbé ẹ̀kọ wá bá yín. Ta ló dà á?"

Kò sẹ́ni tó dà á. Ó ti kan débi pé ó ń ta ojú. Mo lọ karawun ìgbín sí i, mo bẹ ìyá Fúlàní kan fún omi wàrà rẹ̀, ó rò pé orí mi ti dàrú. Mo fi ìdì irùngbọ̀n náà sínú rẹ̀, mo fi ewé eéran bo ìkòkò ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí atẹ́gùn lè wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ó hu irun funfun. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní àwọ̀ ewé. Oje kò tíì yọ, ilẹ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún sì mọ́.

Wọ́n dé. Ọ̀tún, ẹ̀yin lẹ ṣáájú. Géńdé mẹ́rin tí yóò dì í mú ló tẹ̀lé yín, Baba Ewégbèmí sì mú ọ̀bẹ wá. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ìbọn mi wà lórí itan mi. Ẹ ní: "Ọdẹ́sanmí, ṣé orí rẹ pé? Ọmọ ń kú lọ, ìwọ ń tọ́jú ohun tó bu!"

Mo ní: "Ọ̀tún, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ kò ní wọlé."

Baba Ewégbèmí kò pariwo. Wọ́n wò mí lójú. Wọ́n ní: "Bí mo bá padà, tí ọmọ yìí kú, ṣé o mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí o pa á lára?"

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára dé egungun. Ìbíyẹmí ló dáhùn láti inú yàrá. Ó ní: "Baba Ewégbèmí, ẹ má bá bàbá mi jà. Ẹsẹ̀ mi ni, èmi ni kí ẹ bi. Ẹ wọlé wá jókòó ti ìkòkò. Bí oòrùn bá wọ̀ tí kò sí nǹkan, ẹ gé e, n kò ní ké."

Baba Ewégbèmí gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Wọ́n jókòó ti ìkòkò, èmi náà jókòó. Kò sẹ́ni tó jẹun. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, Baba na ìka sí ìkòkò. Ẹ̀kán pupa rúsúrúsú kan ti yọ lórí irun náà, òmíràn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ogún, ó di ọgbọ̀n. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi gbé e sí egbò náà, láti ọ̀sán yẹn lọ, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, òórùn egbò lọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọmọ mi di ògiri mú, ó dìde.

Òun ló kó ìkòkò mọ́kànlá yìí jọ, kì í ṣe èmi. Ó fi oyin bọ́ ọ̀kan láti dán an wò. Ó sanra bí àpò èlùbọ́, kò sun oje kankan. Ó fi omi ògì nìkan bọ́ ọ̀kan, ó sun díẹ̀. Èyí tó ní omi ògì, omi wàrà àti karawun ló ń kún. Ẹ ka ẹni tí ó ti wò sàn nínú ìjókòó yìí, bí ìka yín bá tó. Ọ̀tún, eéwo tó wà níbi tí ẹ fi ń jókòó ní ọdún kẹrin sẹ́yìn, ìkòkò kẹta ló gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ níwájú ìyàwó yín.

Ìbíyẹmí ló ń bọ̀ yẹn. Ẹ yà fún un. Omi ògì ló rù yẹn, ó ń lọ fún àwọn ìkòkò náà lóúnjẹ. Ẹ wo ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ka ojú eyín tàkúté mi, méjìlá ni. Ẹ wò ó bó ti ń rìn.

Òjìji ti kan ẹsẹ̀ yín, Ọ̀tún. Kí àwọn géńdé yín tó dé láàárọ̀ yìí, èmi arúgbó yìí ti gun ọ̀pẹ. Màrìwò wà níwájú àwọn ìkòkò náà, màrìwò wà lẹ́yìn wọn. Ìgbà kan wà tí n kò so ó, ọmọ mi ló jìyà rẹ̀. Lónìí, mo ti so ó. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé mi nìyẹn, ẹ sì mọ ohun tí màrìwò ọdẹ ń wí. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, kó kọjá.